Ọ̀sán Tí Kíláàsì Àgbà Mi Di Èrò Ìwòran Orin Rọ́ọ̀kì

Ọ̀sán ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé, bí ogbó tilẹ̀ ń mú mi gbàgbé ibi tí mo fi awò ojú mi sí. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo kó àwọn àgbàlagbà tí mo ń kọ́ ní A, B, D jọ pé kí wọ́n wá ṣe èrò ìwòran fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ. Tíṣà ni mí, bí mo tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, n kò sì fẹ́ràn kí a máa ti àárín bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ìfẹ́ orin rọ́ọ̀kì ló kó bá mi. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, náírà ṣì níyì, àwo orin láti ìlú òyìnbó sì kún ọjà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ra bàtà gogoro, èmi ń ra àwo. Kì í kúkú ṣe gbogbo àwo rọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ràn. Àwọn tó jókòó sínú yàrá, tí wọ́n ń tún orin kan ṣoṣo kọ títí kò fi ní àbàwọ́n kankan mọ́, n kò ka tiwọn sí. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, níwájú èrò, ni tèmi. Mẹ́ta ni mo ní, ọmọdé kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Nínú ọ̀kan, olórin gbàgbé orin tirẹ̀. Ó dákẹ́ lójijì, gìtá ṣì ń lọ, àyà ẹni tó ń gbọ́ á já. Kó tó rí ọ̀rọ̀ rántí, àwọn èrò ti gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń bá a kọ ọ́ lọ. Ẹ ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe rẹ́rìn-ín sínú máìkì, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n yọ nínú ìtìjú. Nínú òmíràn, okùn gìtá já. Ó dún "táìn!" báyìí. Onílù kò dúró. Òun nìkan ló ń bá a lọ títí ẹnìkejì rẹ̀ fi so okùn mìíràn, nígbà tí gìtá sì padà wọlé, bí àjíǹde ló rí létí mi. Èyí tí òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Pápá gbalasa ni wọ́n ti kọ ọ́. Bí orin bá lọ sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ òjò lórí nǹkan bíi tapólì, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́, ẹ ó gbọ́ obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán. Òjò ń pa wọ́n, kò sì sí ẹni tó lọ sílé.

Mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé ohun tó mú àwo ojú agbo dára ni pé èèyàn wà níbẹ̀, ohunkóhun sì lè ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, á ní, "Ìyá Tóyìn, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé lánlọ́ọ̀dù á lé wa jáde."

Délé, àbúrò mi ọkùnrin, nìkan ló gbọ́ èdè mi. Ìkirè ni ó ti wá bá wa ní Sàngó-Ọ̀tà, ó sì ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣọ. Ó ra gìtá àlòkù, oníṣẹ́ rédíò kan lójú ọ̀nà Àtàn sì bá a kan ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, a sì jọ ń gbọ́ àwo mi ní ọjọ́ Sátidé. Ìgbà náà ni Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ. Ẹni tó bá gbé Sàngó lákòókò yẹn á rántí pé fèrè àwọn ilé iṣẹ́ ni a fi ń mọ aago láràárọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn fèrè náà dákẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tì, èkejì dín òṣìṣẹ́ kù, búrẹ́dì kéré bí ọṣẹ àlòkù. Nígbà tí fèrè tiwọn dákẹ́, Délé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wálé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n máa lọ sinmi.

Dípò ìsinmi, wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sílẹ̀. Múfú, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀tà gan-an, ń lu ìlù. Àkànbí, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í là, ń ta gìtá olóhùn ńlá. Délé ń kọrin. Inú mi dùn ju tiwọn lọ.

Inú bàbá wa kò dùn. Ó rán awakọ̀ kan sí mi láti Ìkirè. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni tó há a sórí: "Bàbá ní kòkó ti di wúrà. Wọ́n ní àwọn tíṣà pàápàá ti ń padà sóko. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé Délé ti di ọmọọ̀ta tó ń pariwo kiri. Wọ́n ní ìparí oṣù yìí làwọn ń bọ̀, táwọn ò bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, àwọn àti ẹ̀ làwọn jọ ń wọkọ̀ padà."

Délé wò mí. "Àǹtí mi, tí mo bá dé oko yẹn, ẹ mọ̀ pé mi ò ní fọwọ́ kan gìtá mọ́ láyé mi."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá wa kì í ṣe ẹni tó ń mú ọmọ padà sóko fún oṣù díẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló là. Obìnrin kan tí a ń pè ní Màdáàmù ní òtẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà Ìdíròkò, ó sì ń wá ẹgbẹ́ olórin tí yóò máa ṣeré níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. A gba orin wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì nínú pálọ̀ mi, a sì gbé e lọ bá a. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó pa á.

"Orin yín ò burú," ni ó wí, "ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn èèyàn kankan níbẹ̀. Ṣé gìtá ni n ó máa ta bíà fún ni? Ẹ lọ gbà á wá níwájú èrò, kí n gbọ́ bí ara wọn ṣe ń yá."

Ẹ ò rí i pé èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń pè! Àwo ojú agbo! Ta ló tún mọ̀ nípa rẹ̀ jù mí lọ ní gbogbo Sàngó? Mo ní kí Délé fọkàn balẹ̀, mo ní èrò. Lóòótọ́ ni mo ní wọn: kíláàsì àgbà tí mo ń kọ́ lọ́sàn-án lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ sílé. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, ènìyàn iyì ni wọ́n, wọn kì í sì í pẹ́ dé.

Mo kọ́kọ́ fi bí èrò rọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe hàn wọ́n. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì tí mo gba àwo olójò mi sí lọ, mo fi í sí wọn létí, ariwo ńlá sì sọ nínú kíláàsì. Alhája Ràfátù, tó ń ta abọ́ ike, tó sì dàgbà jù nínú wọn, dorí kodò, ó ń gbọ́.

"Tíṣà," ó ní, "ṣé ìjà ni wọ́n ń jà ni?"

"Rárá o, Alhája. Inú wọn ló dùn."

"Inú wọn dùn, wọ́n wá ń ké báyìí? Nínú òjò? Wọn ò nílé ni?"

Bàbá Díákónì, tó ń fẹ́ táyà ní Tóògéètì, ní, "Alhája, òyìnbó ni wọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo wá ṣe ohun tí tíṣà máa ń ṣe. Mo kọ́ wọn. Mo ní, bí mo bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí mo bá gbé tòsì, kí wọ́n hó. A ṣe é lẹ́ẹ̀kan, a tún un ṣe. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ náà bí ọmọ ilé ìwé: pá-pá-pá, pá-pá-pá, pá! Ìhó wọn sì dọ́gba bí ìgbà tí wọ́n bá ń dáhùn pé ẹ káàárọ̀ mà. Mo ní kí wọ́n má tò ó, kí wọ́n fọ́nká sí i díẹ̀. Ìyá kan béèrè pé ta ni kó kọ́kọ́ fọ́nká. Mo fi í sílẹ̀, mo ní bó bá dọjọ́ náà, ẹ̀mí orin á gbé wọn.

Ẹ̀mí kan gbé wọn lóòótọ́.

Lọ́jọ́ náà, a fa wáyà iná láti ilé ọlọ́dẹ ilé ìwé kọjá fẹ́ǹsì wọ kíláàsì. Ìlù tí Múfú ń lù, ṣọ́ọ̀ṣì kan la ti yá a, wọ́n sì ti sọ fún wa pé àwọn ń bọ̀ wá kó o kí ìsìn ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A kò láyè láti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan ṣoṣo la sì lágbára láti rà.

Àwọn èrò mi dé kí àwọn olórin tó dé. Wọ́n wọ aṣọ Jímọ̀ àti aṣọ ìsinmi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, sílétì lórí itan. Mo tẹ bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀ kó tó yẹ, nítorí pé àwọn àwo tó dára máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo èrò tó ń retí. Délé dé iwájú, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó ya ẹnu.

"Ẹ dúró ná," ni Alhája wí. "A ò ní gbàdúrà ni?"

Ta ni yóò sọ pé rárá? Alhája ṣe Bìsìmíláì, ó tọrọ àlùbáríkà fún gìtá, fún ìlù, fún wáyà kí ó má gbé ènìyàn. Nígbà tó parí, Bàbá Díákónì ní kí á má bínú, kí á fi tiwa náà kún un. Ó dé orí àwọn ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé, ó dé orí ìjọba. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo omi tó ń jò dànù.

Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tó kẹ́yìn, Múfú lu ìlù, gìtá méjèèjì bú jáde, Délé sì ké igbe ìbẹ̀rẹ̀ orin, igbe rọ́ọ̀kì gidi, tí a ti jọ kọ́ lára àwo mi.

"Yéè! Pẹ̀lẹ́ o!" ni gbogbo kíláàsì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ló ṣe é?" Alhája ti dìde. "Ṣé wáyà yẹn ni?"

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé mo ní kí wọ́n dúró. Gbogbo wọn bá dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà wa mọ̀ pé Yorùbá kì í wo ẹni tó ń làágùn kó má kí i. Múfú ń lu ìlù tọwọ́tẹsẹ̀, òógùn ń dà lójú rẹ̀. Ìyá kan lẹ́yìn kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" ó kígbe. Àwọn yòókù gbà á: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làálàá! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lásán o!" Múfú náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Ó gbé ọ̀pá ìlù kan sókè, ó tẹrí ba, ó ní, "Òo, ẹ ṣé o, ẹ ṣé mà!" Ìlù dúró níbẹ̀, gìtá Àkànbí sì ń sáré lọ bí ọkọ̀ tí búréèkì rẹ̀ já.

Mo rọra ń fọwọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni Délé dé ibi tí gìtá ń dá sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo orin yòókù lọ. Ó ti rí i nínú fọ́tò ẹ̀yìn àwo mi pé bí gìtá bá gbóná, olórin á kúnlẹ̀. Délé bá fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀, ó dorí kodò níwájú àwọn àgbà, gìtá ni kò jẹ́ kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe?

"Háà, wàá dàgbà!" ni Bàbá Díákónì wí. "Dìde, dìde, ọmọ mi, wàá rí ti ẹ̀ ṣe!"

"Wàá bímọ, wàá kọ́lé!" ni ti Alhája. Ó ti dé iwájú, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ, èyí tó dáa jù ú lọ á wá ẹ wá!"

"Àmín!" ni gbogbo kíláàsì.

Délé kò lè dìde, nítorí pé ẹni tí àgbà bá ń súre fún kì í dìde kó tó parí. Kò sì fẹ́ kí orin dúró. Ó bá ń ta gìtá lórí orúnkún, ó ń gbé orí sókè lẹ́yìn àdúrà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ sínú máìkì pé, "Àmín mà. Àmín sà." Ìyá kan tó rí òógùn rẹ̀ yọ ìborùn, ó ń nù ún lójú.

Èmi tíṣà, tó mọ ohun gbogbo nípa àwo ojú agbo, bá gbàgbé pé ẹ̀rọ ń gba ohùn. Mo fi ohùn tí mo fi ń dá kíláàsì lẹ́kun ké pé, "Ẹ jókòó! Mo ní ẹ jókòó! Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kó na ọwọ́ sókè!"

Wọ́n jókòó wọ̀ọ̀. Wọ́n sì na ọwọ́ sókè, gbogbo wọn.

Kásẹ́ẹ̀tì kọ pá, ó ti tán. Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì.

A gbé e lọ fún Màdáàmù bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí òmíràn. Ó gbọ́ àdúrà méjèèjì pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tó dé "Ṣé wáyà yẹn ni?" ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, gèlè tú lórí rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó yí sí mi.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn yín yìí, ṣé wọ́n ń mu bíà?"

Mo ní rárá. N kò lè purọ́ mọ́ Alhája àti Díákónì.

"Mo fura. Wọ́n á jókòó ti ife omi kan títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún mi. Àdúrà dáa o, ṣùgbọ́n kò ní san owó iná fún mi." Ó dá kásẹ́ẹ̀tì wa padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Délé kò bá mi jà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn ń tú okùn gìtá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn sínú ìwé.

Bàbá dé ní ìparí oṣù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Wọ́n jẹun, wọ́n mu omi, wọ́n ní kí Délé lọ di ẹrù. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ariwo tí mo gbọ́ pé ó ń pa náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó sọ ọmọ mi di ọmọọ̀ta."

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló kù nílé, nítorí pé a ti gba orin mìíràn lé èyí tí a ṣe ní pálọ̀. Mo fi í sí i, mo sì dojú kọ ògiri.

Bàbá fajú ro nígbà tí igbe Délé jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi "ẹ kú iṣẹ́", wọ́n gbé orí sókè.

"Ta ni wọ́n ń kí?"

"Àwa ni, Bàbá," ni Délé wí.

"Àgbàlagbà mélòó ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n pọ̀, Bàbá."

Wọ́n tẹ́tí sí ìre tí Alhája ń sú. Mo rí i tí ẹnu wọn ń mì: wọ́n ń ṣe àmín. Nígbà tó tán, wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀. Mo dá a padà. Wọ́n tún ṣe àmín.

"Orin yín ò dùn," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ká sọ òótọ́. Ó dà bíi kí páànù já lulẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í kí ọ̀lẹ ní 'ẹ kú iṣẹ́'. Mo sì gbọ́ tí wọ́n ń ní kó dìde: ọmọọ̀ta kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò bí i. Ẹrù yẹn, tú u sílẹ̀. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀ tí kò sí ìyípadà, n ó padà wá."

N kò lẹ́nu láti sọ pé kì í ṣe àwọn àgbà ni Délé kúnlẹ̀ fún. Délé náà wò mí, ó sì bojú wolẹ̀ kíákíá.

Bàbá wa kò padà wá mọ́ láti mú un. Kí ọdún tó yí po, Délé ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Alápòtì, ó sì ń ta gìtá ní ọjọ́ Sátidé, níbi tí wọ́n bá ti pè é. Ó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, ó ṣì ń ta á.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́? Ogójì ọmọ ni mo lè kọ́ láti pàtẹ́wọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ayọ̀ kì í gba ìkọ́ni. Èrò tó wà nínú àwo mi ń hó nínú òjò nítorí pé bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ hàn nílé wọn nìyẹn. Èmi lọ yá ariwo wọn fún àwọn èèyàn tí wọ́n ti ní tiwọn tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo wí fún ọkọ mi pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ lójú agbo, ó yẹ kí n ti fi ara mi kún un.

Àwọn àwo mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà, ọ̀kan ti ní ìlà lára níbi tí abẹ́rẹ́ ti ha á. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ti Sàngó, n kò ní i. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí ìyá wa lè gbọ́ àdúrà náà. Mo gbọ́ pé ní Ìkirè, àlejò kì í jẹun tán lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n má fi í sí i. Mo tún gbọ́ pé, nígbà tó bá dé ibi tí mo ti ké pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ kó na ọwọ́ sókè, àwọn àlejò kan a máa na ọwọ́.